Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú Rédíò Màmá Mi?

Ọmọ Ìkirè béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Màmá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Rédíò kékeré kan wà lójú fèrèsé wọn tí wọ́n fi rọ́bà de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà já bọ́. Òun ló ń jí wọn láàárọ̀, òun náà ni wọ́n ń gbọ́ sùn lálẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo délé, mo ṣí agolo mílíìkì tí wọ́n ń kó oògùn sí, mo sì rí i pé páálí tí mo rà lóṣù tó ṣáájú ṣì wà bí mo ṣe rà á. Ìgò àgbo mẹ́ta ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ti gbẹ, èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, “Orí rédíò ni wọ́n ti sọ ọ́, gbogbo ayé ló gbọ́. Ṣé ìjọba á máa wò wọ́n kí wọ́n máa purọ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni?” Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ wọn ti gòkè dé 190 lórí 110.

N kò wá síbí láti bú àwọn alágbo, nítorí àgbo ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà. Ohun tó ń dà mí láàmú ni ìdáhùn tí màmá mi fún mi, torí n kò rí èsì kan gúnmọ́ fọ̀ fún wọn. Ohùn kan náà tó ń ka ìròyìn fún wọn láago méje, tó ń kéde òkú, tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta epo bẹntiróòlù, òun náà ló ń sọ fún wọn láago mẹ́wàá pé kí wọ́n pa oògùn òyìnbó tì. Báwo ni ẹni tó gba èkíní gbọ́ ṣe máa mọ̀ pé ó yẹ kí òun yẹ èkejì wò fínnífínní? Báwo ni a ṣe lè máa gbọ́ rédíò, kí a máa wo tẹlifíṣọ̀n, kí a máa ka ìwé ìròyìn pẹ̀lú làákàyè, láìdi ẹni tí kò gba ohunkóhun gbọ́ mọ́?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Àná fèsì pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ rédíò ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ilé-iṣẹ́ rédíò a máa ta àkókò. Bí ẹnìkan ṣe ń yá gbọ̀ngàn fún ìnáwó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹlòmíràn ṣe ń ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí afẹ́fẹ́. Ohun tó bá sì sọ nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà, tirẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Àwa la máa ń fi owó ara wa ra àkókò náà, a ó wá lọ wá onígbọ̀wọ́ tó máa bá wa dá a padà, alágbo sì ni ẹni tó sábà máa ń ṣetán láti sanwó. Ṣé ẹ retí pé kí n dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kọ́ lórí afẹ́fẹ́, kí n bi í pé, “Baba, níbo ni ẹ ti dán oògùn yìí wò?” Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Mo rántí ọjọ́ kan tí wọ́n gbé ìwé pélébé kan síwájú mi kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ènìyàn márùn-ún ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àìsàn tí oníkálukú yóò sọ pé òun bọ́ nínú rẹ̀. Àwọn olùgbọ́ tó máa “ṣèèṣì” pè wá nìyẹn. Mo ka ìwé náà tán, mo sì ṣe ètò náà, nítorí owó ilé ìwé ọmọ mi wà lọ́rùn mi. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí torí pé màmá ẹnìkan wà nílé tó ń gbọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ sọ fún màmá pé kí wọ́n máa tẹ́tí sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ètò. Ibẹ̀ ni a ti máa ń sọ ẹni tó ṣe agbátẹrù rẹ̀, a sì máa ń sáré sọ ọ́ ni. Bí ẹni tó ṣe agbátẹrù bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìpolówó ọjà ni gbogbo rẹ̀, kódà bí ohùn tó ń sọ ọ́ bá jẹ́ ohùn oníròyìn.

Nọ́ọ̀sì Agbègbè fèsì pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ara ìgò àgbo yẹn dáadáa. Bí ó bá ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní kan yóò wà lára rẹ̀ tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ àwọn ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Ohun tí ètò orí rédíò máa ń sọ ni pé, “NAFDAC ti fọwọ́ sí i.” Ìyá arúgbó tó gbọ́ èyí ní Yorùbá kò lè ka ti ara ìgò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tan ènìyàn láìpa irọ́ tí a lè tọ́ka sí tààrà nìyẹn, ó sì máa ń bí mi nínú gan-an, nítorí iwájú wa ní ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ń gbé wọn wá nígbà tí apá kan ara bá ti rọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a dá rédíò nìkan lẹ́bi. Ní oṣù Keje ọdún 2014 tí àrùn Ebola wọ Èkó, kò pẹ́ rárá tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan fi gba orí fóònù gbogbo pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lóru. Ó ti po tirẹ̀ sínú bàsíà, ó ti bu ife kan fún àwọn ọmọ, ẹkún ló sì ń sun bó ṣe ń bẹ̀ mí pé kí n tètè ṣe tèmi. Nọ́ọ̀sì ni mí, síbẹ̀ mo dìde, mo sì lọ wo ibi tí iyọ̀ wà kí n tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ìwé ìròyìn padà gbé e jáde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ló kú ní Jos nítorí omi iyọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ Ebola kò dé Jos rárá. Kò sí onígbọ̀wọ́ kankan níbẹ̀ o. Ìfẹ́ ni gbogbo wa fi ń fi ránṣẹ́ sí ara wa.

Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n kan náà ni ìjọba sì lò láti pana ọ̀rọ̀ náà, láti sọ fún wa pé kí a fọ ọwọ́, kí a má fọwọ́ kan òkú. Ogún ènìyàn ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ nínú wọn sì kú. Nígbà tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gba màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa rédíò wọn.

Olùkọ́ Ìtàn fèsì pé:

Mo gba ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa gbọ́, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló ń dí ẹnu. Àwọn baba wa ti ríran sí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n sọ rédíò ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ń parọ́ ni orúkọ yẹn ń sọ. Ohun tó ń sọ ni pé ó ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá rẹ, o kò sì lè dá a lóhùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí máa ń rò.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1953. Nígbà tí àwọn mínísítà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group), ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, fi ipò sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira, Gómìnà John Macpherson bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sì bá wọn wí lójú ayé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà fún un. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n WNTV fi bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Àìrí-èsì-fọ̀ ló bí i. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èrú ló kún inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí a lè rí èsì fọ̀ yìí kan náà ló fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Olóyè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, sáfẹ́fẹ́, tí ẹnìkan fi gbé ìbọn wọlé, tó ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ti òun sí i. Wọ́n fi ẹ̀sùn náà kan Wọlé Ṣóyínká, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ohun tí mo ń fi èyí sọ ni pé ẹni tó ni ẹ̀rọ lè yí padà, kí ìwà ẹ̀rọ náà má yí padà.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ka ìròyìn fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, n kì í bi wọ́n bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Wọn kò ní bí wọ́n ṣe lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, “Ta ni wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú ìròyìn yìí?” Lọ́jọ́ kan tí a ka ìròyìn pé wọ́n lé àwọn ọlọ́jà kúrò lẹ́bàá títì, ọmọbìnrin kan ka iye ènìyàn tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀: òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́rin, ọlọ́jà kankan kò sí. Ìyá rẹ̀ ń tajà lẹ́bàá títì. Kíláàsì dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ìkirè padà wá sọ pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, èmi àti màmá sì jọ gbọ́ ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ara ìgò náà fún wọn, mo túmọ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n wá fúnra wọn pe nọ́ńbà tí wọ́n sọ lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ìyá tó jẹ́rìí pé àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru òun ti lọ sọ̀rọ̀, nítorí ó ní Ìkirè ni òun ń gbé. Ọkùnrin tó gbé e ní ìgò mélòó ni wọ́n fẹ́. Màmá tún béèrè àdúgbò tí ìyá náà ń gbé ní Ìkirè, ọkùnrin náà sì gbé fóònù sílẹ̀. Màmá kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti padà sí oògùn wọn, ṣùgbọ́n wọn kò tíì jẹ́ kí n da ìgò kẹta nù, n kò sì fẹ́ fi agídí mú wọn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ báyìí ni ibi tí mo lè gbé ẹjọ́ náà lọ.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Àná fèsì pé:

Ẹ kọ̀wé sí àjọ NBC tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì kọ òmíràn sí NAFDAC nípa ọjà náà. Ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ọjọ́, aago, orúkọ ètò, àti ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ pé kí ènìyàn pa oògùn ilé ìwòsàn tì. Bí ẹ bá lè fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń sáré dárúkọ agbátẹrù. Bí ẹ bá kọ ìwé náà tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí n bá yín kà á. Mo mọ bí a ṣe ń kọ ọ́ tí wọn kò fi ní jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi náà yóò sì fọwọ́ sí i.