Linh: ẹ̀yin tí ẹ ti bá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí pàdé, ẹ wá sọ tiyín

Tíṣà Hanoi

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ tí mò ń pè jù lẹ́nu iṣẹ́ mi, kí ẹ̀yin náà lè sọ ohun tí ojú yín ti rí nípa rẹ̀. Linh ni orúkọ náà, orúkọ àwọn ará Vietnam ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama níbí ní Hanoi, olú ìlú wọn, kò sì sí kíláàsì tí mo wọ̀ tí n kì í bá Linh níbẹ̀. Nígbà míì, méjì nínú wọn á jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú lọ́dọ̀ wọn, orúkọ àárín á tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn gan-an á wá kẹ́yìn. Orúkọ ìdílé ò lè yanjú ọ̀rọ̀, torí bí ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá ní Vietnam ló ń jẹ́ Nguyễn. Ti àárín ló ń ya Linh kan sọ́tọ̀ sí Linh kejì: Thùy Linh, Khánh Linh, Diệu Linh, Phương Linh. Láyé àwọn ìyá àgbà, "Thị" ló máa ń wà láàárín orúkọ obìnrin, "Văn" sì wà láàárín ti ọkùnrin. Àwọn òbí ìsinsìnyí ti ń fi ìyẹn sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àárín náà ní adùn tirẹ̀, kó sì bá Linh rìn dáadáa létí.

Wọn kì í dédé pe orúkọ mọ́ èèyàn lórí o. Chị Linh ni fún ẹni tó jù ọ́ lọ, em Linh fún àbúrò, cô Linh fún tíṣà obìnrin tàbí ẹni tó tó àbúrò bàbá ẹni lóbìnrin. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí rẹ kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe máa bá ọ sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá dé ibí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ohùn tún wà níbẹ̀. Oríṣi ohùn mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní Hanoi. Linh ò ní àmì kankan lórí, ohùn rẹ̀ tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí o bá gbé e sókè báyìí, lính, o ti pe ọmọ ọlọ́mọ ní sójà nìyẹn.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù. Tíṣà àgbà kan tó ń kọ́ wọn ní ìtàn ló fi ṣọ́ọ̀kì ya àmì àtijọ́ rẹ̀ fún mi sójú pátákó, irú èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Ó ya òjò sókè, pẹ̀lú ẹ̀kán mẹ́rin. Ó ya ẹnu mẹ́ta sábẹ́ òjò náà, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó fi àmì awòrò síbẹ̀. Ẹni tó ń bẹ òjò kó rọ̀ ni. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ibi tó dé lónìí: linh hồn ni ẹ̀mí èèyàn, linh thiêng ni ohun mímọ́ tó ní agbára. Bí ẹnì kan bá ti ojúbọ dé tó ní "linh lắm", ohun tó ń sọ ni pé wọ́n ń gbọ́ àdúrà níbẹ̀, pé ibẹ̀ ń jẹ́ gan-an. Ní ìlú Đà Nẵng, tẹ́ńpìlì kan wà lórí òkè Sơn Trà tó ń jẹ́ Linh Ứng, ère Quan Âm, ẹni mímọ́ aláàánú àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, tó dúró níbẹ̀ ga tó mítà 67. Orúkọ tẹ́ńpìlì yẹn ò ju pé ó ń gbọ́, ó sì ń dáhùn.

Ẹ tún gbọ́ ti ìlú Huế. Tẹ́ńpìlì tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni Thiên Mụ, tí olóyè Nguyễn Hoàng dá sílẹ̀ ní 1601. "Thiên" ni ọ̀run. Ọba Tự Đức ò rí ọmọ bí, ó wá rò ó pé bóyá orúkọ yẹn ló ń bí ọ̀run nínú. Ní 1862, ó yọ Thiên kúrò, ó fi Linh rọ́pò rẹ̀, ibẹ̀ di Linh Mụ. Ní 1869, wọ́n dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ọba tó ń wá ọmọ, Linh ló wá lọ.

Obìnrin ló ń jẹ́ Linh jù báyìí, ó wà lára èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọbìnrin. Đỗ Mỹ Linh tó di arẹwà Vietnam ní 2016, Nguyễn Thùy Linh tó ń ṣeré badminton dé Òlíńpíìkì, gbogbo wọn la mọ̀. Àmọ́ ọkùnrin náà ń jẹ́ ẹ. Nguyễn Văn Linh ló di olórí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní oṣù Kejìlá 1986, nígbà tí wọ́n ṣí ọrọ̀ ajé sílẹ̀, ètò tí wọ́n pè ní Đổi Mới. Nguyễn Văn Cúc ni wọ́n bí i ní 1915, inú ìjà ìdáǹdè ló ti mú Linh. Ẹni tó bá dé Đà Nẵng á gba títì rẹ̀ lọ sí afárá dírágónì.

Ìyá Ìbejì, Houston

Tíṣà, ẹ ṣeun o. Obìnrin tó ń bá mi ṣe èékánná ní Bellaire níbí ló jẹ́ kí n kọ èyí. "Lynn" ló wà lára báàjì àyà rẹ̀. Ọjọ́ kan ni ìyá àgbà kan ké láti ẹ̀yìn káńtà pé "Linh ơi!", obìnrin yìí sì dáhùn kíá. Mo bi í. Ó ní ọ̀gá tó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ ló ní kó wá orúkọ tí àwọn oníbàárà á lè pè.

Ó dùn mí dọ́kàn. Ọmọ́tárá ni èmi, àmọ́ Tara ni wọ́n ń pè mí ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ní kó kọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún mi. Ó nu ọwọ́, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì: Ngọc Linh. Ó ní ngọc ni òkúta iyebíye. Ó tún ní òkè kan tó ń jẹ́ Ngọc Linh wà nílé àwọn, ó ga ju 2,500 mítà lọ, gbòǹgbò oògùn kan tó wọ́n bí ojú ló ń hù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí bó ṣe ń sọ ọ́! Láti ọjọ́ náà, Linh ni mò ń pè é, mo sì ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo bá mú lọ pé kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Ìtàn iṣẹ́ èékánná yẹn náà ti pẹ́. Lẹ́yìn tí Saigon bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Gúúsù Vietnam ní 1975, òṣèré sinimá kan, Tippi Hedren, rí i pé àwọn obìnrin Vietnam tó sá wá sí àgọ́ ní California fẹ́ràn èékánná òun. Ó mú ẹni tó ń ṣe tirẹ̀ wá kí ó kọ́ ogún nínú wọn. Àwọn yẹn náà kọ́ ẹlòmíì.

Linh yìí ló fi fọ́tò ọmọ ọmọ rẹ̀ hàn mí. "Khoai" ni wọ́n ń pè é nílé. Khoai o, ànàmọ́! Ó ní láyé àtijọ́, orúkọ tí kò dára ni wọ́n ń pe ọmọ kékeré kí ẹ̀mí búburú má baà nífẹ̀ẹ́ sí i. Mo sọ fún un pé ní ìlú tiwa, ọmọ tí a bá ń bí tó ń kú, Àkísà la máa sọ ọ́, tàbí Ààtàn. Ó gbé fáìlì èékánná sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

Àlàmú

Èmi ò mọ Linh kankan, bọ́ọ̀lù ni mo mọ̀. Samson Kayode Olaleye, ọmọ wa tó lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Vietnam, gba ìwé ọmọ onílẹ̀ ní 2013, ó di Hoàng Vũ Samson. Ó wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù nínú ìtàn líìgì wọn. Mo ka nípa orúkọ ìdílé náà, mo rí i pé Hoàng ni wọ́n ń pè é lókè àríwá, àmọ́ ní gúúsù, Huỳnh ni. Torí Nguyễn Hoàng tí Tíṣà dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni: òun ló ṣàkóso apá ibẹ̀, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ fi ẹnu lásán pe orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Vũ di Võ. Ìyá mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni rí nílé ọkọ rẹ̀, "Akọ̀wé" àti "Ìdílẹ̀kẹ̀" ló fún wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dáadáa.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ìyàwó àbúrò mi ń jẹ́ Khánh Linh, ó ti fẹ́ bímọ, obìnrin ni wọ́n ní ó wà níkùn. Ìyá wa kú lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yétúndé ni. Linh ò kọ̀, àmọ́ ó ní ìyá òun á bínú bí wọ́n bá sọ ọmọ lórúkọ òkú. Ilé ti ń gbóná díẹ̀.

Tíṣà Hanoi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún Màmá. Ìyá Linh ò ṣe ìkà o. Lọ́dọ̀ wọn, orúkọ àgbà tó ti lọ wà fún ojú pẹpẹ inú ilé, ibi tí wọ́n ti ń pè é lọ́jọ́ ìrántí ikú rẹ̀ bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bí ọmọ bá wá ń jẹ́ orúkọ yẹn, bó bá fọ́ àwo, tí wọ́n bá kígbe mọ́ ọn, bàbá ńlá ni wọ́n ń bú yẹn. Èèwọ̀ gidi ni.

Ṣùgbọ́n Màmá ò jẹ́ Yétúndé, àbí? Orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀. Yétúndé ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé méjèèjì. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣàlàyé fún wọn, kí Linh fúnra rẹ̀ sì bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ní èdè wọn, kí ọkọ má dá sí i lákọ̀ọ́kọ́. Kí wọ́n bi ìyá náà pé orúkọ àwọn àgbà wo ni ọmọ ò gbọ́dọ̀ jẹ́, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ti ìdílé bàbá Linh náà. Lẹ́yìn náà, kí ìyá yẹn fúnra rẹ̀ fún ọmọ ní orúkọ ará Vietnam kan. Bó bá béèrè èyí tó rọrùn lẹ́nu tiwa, ẹ dárúkọ An tàbí Mai fún un. Àlàáfíà ni An, Mai sì ni òdòdó tó ń yọ nígbà Tết, ọdún tuntun wọn. Méjèèjì ò ní àmì ohùn kankan lórí.