Okùn mvet àwọn Fang: ṣé à ń so ó mọ́ ọ̀pá ni, àbí ara ọ̀pá ló ti ń jáde?

OnígbáỌ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ eléré kan níbí ní Ọ̀yọ́ fẹ́ ṣe ìtàn àwọn Fang, àwọn ará Gàbọ́ọ̀nù, Equatorial Guinea àti gúúsù Kamẹrúùnù. Wọ́n ní ká bá wọn ṣe mvet, ohun èlò orin olókùn wọn tó ní ọ̀pá àti igbá. Igbá kò wọ́n wa. Kí la ó fi ṣe okùn? Igbá mélòó ló ń gbà, ṣé ká sì fín in?

Ògùrọ̀Tútù: Ẹ má ra okùn kankan. Ara èèpo ọ̀pá ìmọ̀ ògùrọ̀ fúnra rẹ̀ ni okùn ti ń jáde, iṣẹ́ ọwọ́ tó dára gan-an ni. Ẹ wá ọ̀pá tó tọ́, tó gùn tó mítà 1 sí mítà 1 ààbọ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ 4, kí ẹ sí wọn kúrò lára ọ̀pá láti àárín, ṣùgbọ́n ẹ má gé orí àti ìdí wọn. Èyí tí yóò wà lókè pátápátá ni kó gùn jù.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ rèé: kí okùn tó gòkè, ẹ fi pankẹ́rẹ́ wé ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọ̀pá bí òrùka. Láìsí òrùka, bí okùn bá ti gun afárá, yóò máa ya lọ títí yóò fi já. Afárá yìí ni igi pẹlẹbẹ tó dúró ṣánṣán láàárín, tí a gé eyín sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń pín okùn kọ̀ọ̀kan sí méjì, ìyẹn ni okùn 4 fi ń fún wa ní ohùn 8. Bí ẹ bá ti òrùka sún mọ́ afárá, ohùn á gòkè.

Ọ̀pá tó tútù jù a máa sún kì tó bá gbẹ, òrùka á sì dẹ̀. Èyí tó gbẹ jù, èèpo á ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Akèrègbè: Igbá 3 ló wọ́pọ̀. Èyí tó tóbi jù ni kó wà lábẹ́ afárá, torí ibẹ̀ ni ohùn gbà wọlé. Kí ẹnu igbá kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá. Ẹ họ inú rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ohun rírọ̀ tó bá kù níbẹ̀ a máa mu ohùn. Ẹ dán etí rẹ̀ pẹ̀lú, torí àyà ni olórin ń fi ẹnu igbá àárín lé, ó ń ṣí i, ó ń dé e, bí ohùn ṣe ń yí padà nìyẹn. Ní ti fínfín, ẹ má jẹ́ kó jìn. Igbá tí a fín jìn a máa sán níbi tí okùn ìdè bá ti fún un.

ỌmọOnílù: Ẹ̀yin eléré, mvet náà ni orúkọ ìtàn tí à ń fi í sọ. Mbom mvet ni ẹni tó ń sọ ọ́: ó ń kọrin, ó ń jó, ó ń ròyìn ogun àwọn ará Engong tí kì í kú àti àwọn ará Oku tó ń wá àṣírí àìkú lọ́dọ̀ wọn. Bí àwọn olùgbọ́ kò bá gbe orin, kí wọ́n sì máa lu igi, kò tíì di mvet.

Ẹ má fi mvet pe háàpù olókùn 8 tí orí ère wà lára rẹ̀: ngombi nìyẹn, ti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Bwiti ni. Ẹ má sì gbé ère byeri sórí ìtàgé fún ọ̀ṣọ́, mo bẹ̀ yín. Láyé àtijọ́, ó ń ṣọ́ agbárí àwọn baba ńlá ìdílé nínú àpótí èèpo igi ni.

OnígbáỌ̀yọ́: Ẹ ṣeun púpọ̀. Wáyà ńkọ́?

Ògùrọ̀Tútù: Àwọn kan ń lò ó nísinsìnyí, ó sì ń dún ketekete ju èèpo lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń gé wọnú ọ̀pá. Ẹ fi awọ tẹ́ abẹ́ rẹ̀ níbi tí ẹ bá ti so ó.