Ẹ gbà mí o, òǹkà Yorùbá ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀

Ìyá Ẹlẹ́yin, Lágéré:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni tíṣà ọmọ mi máa ń kọ nǹkan tí wọ́n máa kọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ sórí Wáàsáàpù àwa òbí, praimárì thírì ló wà. Wọ́n á ṣe táìmù tébù onímẹ́fà, wọ́n á ṣe oríṣi ilẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n di iyanrìn àti amọ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá wá. Gbogbo ìyẹn ò dà mí láàmú. Yorùbá ló ń bà mí lẹ́rù, òǹkà láti mọ́kànlélógójì dé àádọ́ta.

Kí n má parọ́ fún yín, èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọ́n ṣe ọgbọ̀n sí ogójì, ó bi mí pé Mọ́mì kí ni 35, mo ní márùnlélọ́gbọ̀n, ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tíṣà fi bírò pupa fagi lé e. Nígbà tó dé, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ṣí ojú ewé yẹn ó gbé e lé orí kíréètì ẹyin níwájú mi. Ojú tì mí gan-an, èmi tí wọ́n bí sí Ifẹ̀ níbí tí mo dàgbà síbẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé 44 ń jẹ́ mẹ́rìnlélógójì tí 45 á sì wá yà síbòmíì?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá. Ọmọ ò ṣẹ̀, ẹ̀yin náà ò ṣẹ̀. Láti oókan dé ẹẹ́rin, ẹ̀yìn là ń wò, a ó máa fi lé ogójì. Tó bá ti di àrún, iwájú là ń wò, a ó máa yọ lára èyí tó ń bọ̀. 45, márùn-ún ló dín nínú àádọ́ta, márùndínláàádọ́ta. 46 mẹ́rìndínláàádọ́ta, 47 mẹ́tàdínláàádọ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé mọ́kàndínláàádọ́ta. 35 tẹ́ ẹ ṣì yẹn, márùndínlógójì ni. 15 àti 25 nìkan lẹnu ti pa pọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àmọ́ àrún tó dín náà ló wà nínú wọn. Ẹ má jẹ́ kó há a sórí láìyé e o, èyí tọ́mọ bá há sórí lásán kì í pẹ́ tó fi ń gbàgbé ẹ̀.

Aránṣọ Ṣábó:
Ẹ má bínú o, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ kó yára mọ̀wé. Èmi ò bá tèmi sọ Yorùbá nílé mọ́.

Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, inú ìlú wa níbí ni wọ́n ti dán an wò. Ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wá wà lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó kù, wọn ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ẹ ṣàánú ọmọ yín, ẹ máa bá a sọ ọ́.

Bàbá Ọlọ́pọ́n:
Ẹ ra ọpọ́n ayò fún un. Ojú méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ 48. Ẹ ní kó wá méjì tó dín kó tó pé àádọ́ta.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Lágéré:
Bàbá ẹ ṣé gan-an, àmọ́ kò sí ọpọ́n nílé, owó ọjà ló sì wà lọ́wọ́ mi.

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ṣebí ẹyin lẹ̀ ń tà! Kíréètì kan, ọgbọ̀n. Méjì, ọgọ́ta, ìyẹn ogún mẹ́ta. Ẹ yọ mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta, ẹ̀wàá ló dín nínú ọgọ́ta. Kó wá máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó máa pè é.

Ìyá Ẹlẹ́yin, Lágéré (alẹ́ Sunday):
Ẹ̀yin èèyàn mi! A ti ń ṣe é látìgbà tá a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Márùn-ún márùn-ún lẹyin máa ń wà ní ìlà kan nínú kíréètì, ó yọ ìlà méjì, ó ní àádọ́ta, ó tún yọ ìlà kan, mo ní kí ló kù, ó ronú, ó rọra ní "márùn-ún… dín… láàádọ́ta", àfi bíi pé ó ń gun àtẹ̀gùn. Ẹyin kan bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ó fọ́, mi ò bá a wí, mo kàn fi òmíì rọ́pò ẹ̀. Ìgbà tó ṣe ó ní kí n gbé kíréètì kẹta wá, mo rò pé eré ló fẹ́ ṣe. Ó ń kà á lógún lógún, ogún mẹ́rin pé, mẹ́wàá ṣẹ́ kù, ó wá wojú mi, ó ní "Mọ́mì, mẹ́wàá ló kù kó pé ogún márùn-ún, àádọ́rùn-ún nìyẹn àbí?" Tíṣà wọn ò tíì débẹ̀ o! Mà, ṣé ó gbà á?

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ó gbà á pátápátá. Ẹ bá mi se ẹyin kan fún un.