Rayon kì í ṣe "ọmọ-ìpínlẹ̀": ẹkùn ni

Ẹ̀yin ará,

Mo kí gbogbo ilé. Mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ká mi lára láti ọjọ́ Ajé. Àbúrò wa tó kọ̀wé lórí Olkhonsky, létí adágún Baikal ní Rọ́ṣíà, kọ ọ́ báyìí: "Olkhonsky jẹ́ ọmọ-ìpínlẹ̀ kan lábẹ́ Irkutsk." Rayon ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe Irkutsk tó wà lókè rẹ̀ ní oblast. Pé ó pe oblast ní ìpínlẹ̀, mo fara mọ́ ọn. "Ọmọ" yẹn ni kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá.

Ta ni kò mọ ẹni tí à ń pè ní ọmọ ìpínlẹ̀? Bí mo bá ní ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mí, ènìyàn ni mí, n kì í ṣe ilẹ̀. Mo ka gbólóhùn náà fún ìyàwó mi bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó ní, "Olkhonsky yẹn, iṣẹ́ wo ló ń ṣe níbẹ̀?" Àmì tí àbúrò wa fi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ kò ràn án lọ́wọ́ rárá, etí kì í gbọ́ àmì.

Àbúrò wa fèsì pé ọmọ lè túmọ̀ sí kékeré, kí n wo ọmọ odó àti ọmọ ọlọ. Ọmọ odó kì í ṣe odó kékeré! Òun là ń fi gúnyán nínú odó, a ò gé e lára odó. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá fi ọmọ ìka ọwọ́ gbè é lẹ́yìn. Ìyẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, mo gbà, torí ara ọwọ́ ni ìka wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe tó: nǹkan bí 15,900 kìlómítà níbùú lóòró. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin Ìpínlẹ̀ Èkó lọ! Èrò ló ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, wọn kò pé 10,000 nígbà ìkànìyàn 2010. Inú rẹ̀ ni erékùṣù Olkhon wà, tó gùn ju 70 kìlómítà lọ. Nígbà ooru, fẹ́rì ló ń gbé mọ́tò kọjá síbẹ̀ láti Sakhyurta, abúlé kan létí adágún náà. Bí òtútù bá mú, omi á dì gbagidi, wọ́n á la ọ̀nà sórí yìnyín, mọ́tò á sì máa gba orí adágún lọ. Ọdún 2005 ni iná mànàmáná tó dé erékùṣù náà, wáyà abẹ́ omi ló gbé e débẹ̀. Ibi tó gbòòrò tó báyìí, ẹ wá ń pè é lọ́mọ.

Ẹkùn ni orúkọ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo hun ún. Ọ̀yọ́ Ilé ti ní Ẹkùn Ọ̀tún àti Ẹkùn Òsì kí òyìnbó tó wá ṣàkóso wa. Bàbá bàbá mi kì í sọ pé "agbègbè wa". "Ẹkùn wa" ló máa ń sọ, á sì na ọ̀pá rẹ̀ sí odò tí ẹkùn náà parí sí. Ẹni tó ní àwọn èèyàn á rò pé ẹranko ni, ta ni "ẹkùn ìdìbò" ti pa jẹ rí? Re dò ni méjèèjì, gbólóhùn ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Re mí ni kí ẹ sá fún. Mo ti rí "ẹkún ìdìbò" gàdàgbà nínú ìwé ìròyìn kan, bíi pé àwọn olùdìbò ń sunkún.

Láàrin 1923 sí 1929 ni ìjọba Soviet fi rayon rọ́pò uyezd àti volost, ìyẹn ìpín ilẹ̀ tó wà láyé ọba, ọwọ́ àwọn Faransé ni wọ́n sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, lábẹ́ Rọ́ṣíà kan náà, àwọn ará Sakha ń pe tiwọn ní ulus, àwọn ará Tuva ń pè é ní kozhuun. Àwọn Buryat, tí wọ́n wà ní Olkhonsky gan-an, ní aimag nínú èdè wọn. Ọ̀rọ̀ àtayébáyé wọn ni wọ́n gbé dìde. Kí ló wá ń lé àwa?

Ẹni tó ní ká pè é ní "ìtànṣán" torí pé ohun tí rayon jẹ́ lédè Faransé nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ará Yelantsy, níbi tí ọ́fíìsì rayon Olkhonsky wà, tó ń lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì náà kò ro ìtànṣán kankan. "Ìjọba ìbílẹ̀" náà kò bá a mu: ìjọba ni àwọn tó jókòó ní ọ́fíìsì yẹn, ẹkùn ni igbó, pápá àti omi tí wọ́n ń bójú tó. Bí ẹ bá ní "ìjọba ẹkùn" fún àwọn tó jókòó, mo fọwọ́ sí i.

Àbúrò wa tún pe Yelantsy ní olú-ìlú. Ìlú wo? Selo ni Yelantsy. Ibùjókòó ìjọba ẹkùn ni kó kọ. Láyé àtijọ́, ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà ni selo, àwọn ará derevnya, ìyẹn àwọn ibùgbé kéékèèké tó yí i ká, ló ń wá jọ́sìn níbẹ̀. Abúlé dára fún derevnya. Fún selo, ìletò ni mo fà kalẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tó mú ọmọ ìka wá yóò ní ìletò kéré sí abúlé. Nílé tiwa, ìletò ló tóbi jù. Mo pe ìyá mi lórí fóònù lánàá láti bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.