MX-5 àtijọ́ di kit car: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀, kí sì ni iṣẹ́ àwọn ọmọ?

Sípánà13:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. UK la wà. A fẹ́ tú Mazda MX-5 ọdún 1996, ká kó ẹ́ńjìnì, gíáàsì, dífà (gíà ẹ̀yìn tó ń yí táyà) àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí sásì (férémù) tuntun tí wọ́n ń tà fún kit car, ìyẹn ọkọ̀ tí èèyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ọmọ méjì máa bá wa ṣe é, ọ̀kan ọdún 10, èkejì 14. Gẹ́rèèjì ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Kí ló máa ń bàjẹ́, kí la sì lè gbé lé wọn lọ́wọ́?

BàbáGíáàsì:
Ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà dáadáa kí ẹ tó tú u. Bí dífà bá ń hu, ẹ gbọ́ ọ nísinsìnyí. Ẹ sì tọ́jú V5C rẹ̀ (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀), torí DVLA, àjọ tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, máa bi yín ibi tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti wá.

Ọmọ ọdún 10 ni kó máa lẹ téèpù mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yọ ọ́, kó kọ ohun tó ń lọ síbẹ̀ sí i. Ẹ má gé wáyà kankan. Bóòtù ibì kan, ọ̀rá kan.

Irin gígùn tó so gíáàsì mọ́ dífà, ẹ fi jáàkì gbé gíáàsì dúró kí ẹ tó tú u, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnì á wálẹ̀ lójijì. Kí ọmọ kankan má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan. Stand mẹ́rin (ẹsẹ̀ irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró) ni.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é tì gan-an ni bọ́ṣì, rọ́bà inú oríkèé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Wọ́n á fún bóòtù ẹsẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń rọ̀ dirodiro. Rọ́bà bọ́ṣì lẹ̀ mọ́ irin àárín rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá wálẹ̀, rọ́bà á lọ́, kò ní pẹ́ ya, ọkọ̀ á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dì í. Tó bá ti dúró lórí táyà, tí àpò yanrìn wà lórí ìjókòó dípò awakọ̀, ẹ wá fún un.

OníBíréèkì:
Páìpù bíréèkì: copper-nickel, 3/16 ínṣì. Ẹ ti nọ́ọ̀tì bọ páìpù KÍ Ẹ TÓ la ẹnu rẹ̀ kó fẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ gé e, ẹ tún un là, páìpù á wá kúrú.

Ọmọ ọdún 14 ló máa tẹ pẹ́dà nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ afẹ́fẹ́. “Tẹ̀ ẹ́!” Ẹ tú nípù (ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde). Kó má gbẹ́sẹ̀ títí ẹ ó fi dí i, torí tó bá gbé e, afẹ́fẹ́ á padà wọlé. Bí máàsítà (páǹpù bíréèkì tí pẹ́dà ń tì) bá ti gbó, ẹ fi pákó sábẹ́ pẹ́dà kó má dé ilẹ̀: ìpẹtà tó wà níbi tí písítìn kì í dé tẹ́lẹ̀ máa ń ha rọ́bà inú rẹ̀. Òróró DOT 4 máa ń jẹ ọ̀dà. Omi lẹ máa fi ṣan án kíá.

Rẹ́wáyà_Leeds:
Ara fibreglass kì í gbé iná. Bí iná ẹ̀yìn bá ń ṣẹ́jú, áàtì ni, ọ̀nà tí iná fi ń padà sí bátìrì. Ẹ fa wáyà áàtì tirẹ̀ lọ sí sásì, kí ẹ sì ha ọ̀dà ojú irin kúrò kí ẹ tó dè é.

Ní ti IVA, àyẹ̀wò tí ọkọ̀ tí èèyàn fọwọ́ tò gbọ́dọ̀ yege kó tó wọ títì: ojú sípídómítà ò gbọdọ̀ kéré sí eré gidi, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá pààrọ̀ ìwọ̀n táyà. Etí tó mú lára òde gbọ́dọ̀ rí roboto, ó kéré tán rédíọ̀sì 2.5 mm, ẹ fi ìdérí rọ́bà bo orí nọ́ọ̀tì. Sítíárìn tí kò bá dá padà sí àárín fúnra rẹ̀ máa ń fìdí rẹmi. Kásítà, ìyẹn bí òpó tí táyà iwájú ń yí lé ṣe dagun sẹ́yìn, lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Sípánà13:
Ẹ ṣé gan-an. Àwa ti fẹ́ fún bóòtù ẹsẹ̀ lórí stand ná!