"Aṣọ ọlọ́gbọ́n" kọ́: mo fa "ajẹ́pè" mi padà, ẹ gba "afèsì"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ ó rántí pé àbúrò wa tó ń ṣe ìwádìí aṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló bi í léèrè lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe lọ́hùn-ún, ó sì wá ọ̀rọ̀ tì. Mẹ́rin ló há a lọ́fun: smart textile (aṣọ tó ń mọ ohun tó kàn án, tàbí tó ń yí padà nítorí rẹ̀), stimuli-responsive (ohun tó ń yí padà bí nǹkan bá kàn án), multifunctional (ohun tó ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ) àti sustainable (ohun tí a lè máa ṣe lọ láì ba ayé jẹ́ fún àwọn tó ń bọ̀). Ẹ̀gbọ́n wa kan fèsì pé "aṣọ ọlọ́gbọ́n" ti tó, ṣebí "ọgbọ́n àtọwọ́dá" la ń pe ti kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn mú "aṣọ alágẹmọ" wá. Èmi náà gbé "aṣọ ajẹ́pè" kalẹ̀, mo sì fọwọ́ sọ̀yà. Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn, ojú sì ń tì mí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn aṣọ yìí ń ṣe. Ní 1991, ilé iṣẹ́ Generra ní Seattle ta ẹ̀wù kan tó ń jẹ́ Hypercolor káàkiri Amẹ́ríkà. Aró ara rẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà bí ooru bá kàn án. Bí o bá fi àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, tí o gbé e kúrò, ìka márààrún á hàn níbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun tẹ̀ ẹ́. Abíyá ẹni tó ń làágùn náà á sì tú u láṣìírí. Bí wọ́n bá wá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, aró náà bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, níbo ni ọgbọ́n wà níbẹ̀? Ẹni tó gbọ́n kì í sọ ọ̀rọ̀ abíyá ara rẹ̀ láàárín ọjà.

Ẹ tún wo jákẹ́ẹ̀tì tí Google àti Levi's jọ gbé jáde ní 2017, tí wọ́n tà ní 350 dọ́là nígbà náà. Wọ́n hun òwú tó ń gbé iná sí apá òsì rẹ̀, nítòsí ọrùn ọwọ́. Ẹni tó wọ̀ ọ́ á fọwọ́ ra á, orin inú fóònù rẹ̀ á sì yí padà. Ní 2023, Google pa áàpù tó ń bá a ṣiṣẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì olówó ńlá di jákẹ́ẹ̀tì. Ọgbọ́n tó lè tán lára aṣọ lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá pa áàpù, inú fóònù ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ń ṣe ìṣirò, ìyẹn yé mi. Òwú kò ṣírò nǹkan kan.

"Alágẹmọ" dùn létí mi gan-an. A gbọ́ ọ nínú ìtàn pé Olókun pe Ọlọ́run níjà aṣọ wíwọ̀, Ọlọ́run sì rán alágẹmọ sí i. Aṣọ yòówù tí Olókun bá gbé wọ̀, awọ ara alágẹmọ á rí bákan náà, títí ọwọ́ Olókun fi wálẹ̀. Alágẹmọ àti aṣọ ti mọra látọjọ́ pípẹ́. Àmọ́ àwọ̀ nìkan ni ti alágẹmọ. Aṣọ kan wà tí wọ́n fi ìda kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí, sínú òwú rẹ̀. Octadecane jẹ́ ọ̀kan lára irú ìda bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 28 Celsius ló sì ti máa ń yọ́. Bí ara bá gbóná, ìda á yọ́, á sì gba ooru náà sára; bí òtútù bá dé, á dì, á sì dá ooru padà. Ẹni tó bá ti rí òrí nínú igbá lásìkò ọyẹ́, tó tún rí i lọ́sàn-án oṣù Kẹta, ti mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ojú kò rí àwọ̀ kankan tó yí níbẹ̀. Irin kan sì wà tí wọ́n ń fi ṣe òwú, Nitinol, tí èèyàn lè ká kò, kó sì na ara rẹ̀ padà bí ooru bá kàn án. William Buehler ló ṣe é ní 1959 ní ilé ìwádìí ohun ìjà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ náà: nickel, titanium, pẹ̀lú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ilé ìwádìí náà ni wọ́n so pọ̀. Wọ́n sọ irin lórúkọ ibi tí wọ́n bí i sí, bí a ṣe ń sọ ọmọ ní Abíọ́nà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká fi "aṣọ alágẹmọ" sílẹ̀ fún èyí tó ń yí àwọ̀ padà nìkan. Kò yẹ ká sọ ọ́ nù.

Ó wá ku ti èmi. Ohun tí mo rò ni pé a máa ń sọ pé "a pè é, ó jẹ́", a sì máa ń sọ pé ewé jẹ́. Ooru pe aṣọ, aṣọ jẹ́ ìpè. Ó mọ́ lójú mi bí àwo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ gba agbádá mi lọ́wọ́ ìyá aránṣọ tó ń ránṣọ fún mi ní Gbági. Kò tíì rán an. Bí mo ṣe jókòó, mo ní kí n dán ọ̀rọ̀ mi wò.

"Ìyá, ẹ ti gbọ́ nípa aṣọ ajẹ́pè?"

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló jẹ́ ìpè Ọlọ́run?"

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kàn bú sẹ́rìn-ín. Aṣọ òkú ni ìyá náà rò pé mo fẹ́ gbé wá fún un. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń ronú gbogbo ìkéde ìsìnkú tí mo ti gbọ́ lórí rédíò láyé mi, tí "ó jẹ́ ìpè Elédùmarè" wà nínú gbogbo wọn, tí n kò sì rántí ọ̀kan ṣoṣo nígbà tí mò ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ká tiẹ̀ ní ti òkú kò sí níbẹ̀, àwọn ọmọ wa kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan á kà á sí "àjẹ́ pè", ẹlòmíràn á kà á sí "ajé pé". Èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan ni oníṣòwò aṣọ máa fẹ́.

Mo wá ṣàlàyé ẹ̀wù aláwọ̀ yíyí náà fún un. Ó gbọ́ ọ, ó ní: "Bíi patanmọ́ nìyẹn. Ẹ fín in níràn, ó sì fún yín lésì."

Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ronú kan patanmọ́! Gbogbo wa la fọwọ́ kàn án lọ́mọdé, tí a rí i tó pa itan rẹ̀ mọ́, tí a dúró títí ó fi tún là. Mo fi inú dídùn jí ọ̀rọ̀ ìyá náà. "Aṣọ afèsì" ni kí a máa pè é. Ohun tó bá fín in níràn, ìyẹn ooru, omi, ìmọ́lẹ̀ tàbí iná, ni "afínràn". Ohun tí aṣọ bá ṣe sí i ni "èsì". Èsì ìdánwò àti èsì ìdìbò ti wà lẹ́nu wa, kò sí ẹni tó ń rò pé ó gbọ́dọ̀ lóhùn kó tó lè jẹ́ èsì. Ìdí nìyẹn tí n kò fi mú "adáhùn". Àwọn bàbá wa tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì náà, ìwà rẹ̀ ni wọ́n wò. Rédíò kì í gba èsì. Aṣọ yìí ń fún ni lésì.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á béèrè bóyá àdìrẹ náà jẹ́ aṣọ afèsì. Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá aláró mọ̀ pé bí aṣọ bá ń jáde nínú ìkòkò aró ẹlú, ó máa ń ní àwọ̀ ewé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú ẹni, láti etí wá sí àárín. Afẹ́fẹ́ ni afínràn, búlúù yẹn ni èsì. Ṣùgbọ́n kì í padà di àwọ̀ ewé mọ́, patanmọ́ sì máa ń là padà. Èmi á pe ti aró ní "afèsì ẹ̀ẹ̀kan", ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí.

Èyí tó kàn ń mọ nǹkan lára, tí kò ṣe nǹkan kan sí i, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ "aṣọ amọ̀lára". Irú rẹ̀ ni ẹ̀wù tí Sundaresan Jayaraman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní yunifásítì Georgia Tech ní Amẹ́ríkà ní 1996, tó ń mọ bí ọkàn jagunjagun ṣe ń lù àti ibi tí ọta ìbọn gbà wọlé. Ti multifunctional kò le: "oníṣẹ́ púpọ̀", ó parí.

Sustainable ló ṣì ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú yín kọ "alálòpẹ́". Ẹ gbọ́ o, ta ló pẹ́ tó pọ́líẹ́stà, tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe? Rì í mọ́lẹ̀ lónìí, ọmọ ọmọ rẹ á wú u jáde. Aṣọ òwú tí ẹ rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ti jẹrà tipẹ́. "Alálòpẹ́" ń yin ẹni tí a fẹ́ bá wí. Fún èyí tó ń padà di ilẹ̀, "ajẹrà" ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n sustainable ju jíjẹrà lọ: omi tí a lò ńkọ́, ilẹ̀ tí a gbin òwú sí ńkọ́? Àgbẹ̀ tó wa iṣu máa ń ya èbù sọ́tọ̀ kí ìkòkò tó gorí iná. Ẹni tó jẹ iṣu tó jẹ èbù, kí ló fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀? Mo dábàá "adáèbùsí". Ó wúwo lẹ́nu díẹ̀, mo gbà.

Àbúrò, bí ìyá rẹ bá tún pè, wí fún un pé: "Aṣọ afèsì ni mò ń hun, adáèbùsí sì ni. Ooru ni afínràn rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ tó ń yí ni èsì, bí ó bá sì gbó, á jẹrà." Kí o wá sọ ibi tó ti dá ọ dúró fún wa.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó fúyẹ́ ju "adáèbùsí" lọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mò ń padà lọ sí Gbági lọ́jọ́ náà láti lọ wo agbádá mi, màá sì bi ìyá aránṣọ léèrè.