Àbọ̀ o: ayùn oníná tó ń gbé mi, a ti rí ohun tó ń ṣe é

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á, ohun tí mo bèèrè ni pé iná máa ń gbé mi díẹ̀díẹ̀ tí mo bá fọwọ́ kan irin ara ayùn mi, extension tí mo fi ń lò ó náà sì máa ń gbóná.

Ẹni tó ní kí n wo ibi tí wáyà ti wọ ìdí ayùn ló jàre. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo tú u, àṣé rọ́bà tó bo wáyà ti sán níbi tó máa ń tẹ̀ yẹn, wáyà earth (èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sílẹ̀) ti já pátápátá, èyí tó gbé iná wá yọ síta ó ń kan irin. Ti téèpù tẹ́nì kan ní kí n fi wé e, mi ò gbà o, ibẹ̀ ló máa ń tẹ̀ jù, ó máa tún tú ni. Odindi wáyà tuntun la fi pààrọ̀ ẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ iná ló so ó, earth ẹ̀ pé, kò sì gbé mi mọ́.

Ti extension, títú tí mo tú gbogbo wáyà ẹ̀ tó ká jọ kalẹ̀ ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ tí mo bá ń la pákó tó nípọn ó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wáyà inú ẹ̀ ló tín-ín-rín jù, 1.0 mm² ni, 2.5 ni mo ń wá báyìí.

Ó ku RCD 30 mA tẹ́ ẹ ní kí n fi síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó máa gé iná fúnra ẹ̀ tí iná bá ń gba ara èèyàn lọ sílẹ̀. Mi ò tíì fi sí i, torí náà mi ò kì í lo ayùn náà níta rárá tílẹ̀ bá tutù.